Ẹ́ńjìnì Tí Kì Í Kú Nínú Àgbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ má wo irun orí mi. Kò tíì funfun. Àwọn tí a jọ ṣeré ṣì ń pe ara wọn ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n èmi ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi, torí pé ìbàdí mi ló ní kí n lọ jókòó. Orí àga ni mo wà báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìgandò, tí mo ti ń ta páàtì ẹ́ńjìnì. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ṣé iṣẹ́ yẹn dáa?" Mo máa ń sọ pé ó dáa. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ìtàn tí mo fẹ́ kọ síbí yìí fún wọn, kí oníkálukú fi ọgbọ́n ara rẹ̀ gbé e wò.

Ilé ìwé girama kò bá mi dé òpin. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rán bàtà ní Ìyànà Ìpájà, ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Tìjání ní Ìkòtún. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàdúà, ó parí. Mo di ọmọ iṣẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ pé Ìkòtún ni ṣọ́ọ̀bù wa wà á bi mí pé omi wo ló wà níbẹ̀. Kò sí. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti ń tún ẹ́ńjìnì ojú omi ṣe. Ẹ̀rù omi ń ba ọ̀gá mi. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ jẹneréétọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe, kí àwọn awakọ̀ ojú omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a láti jẹ́tì tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀gún. Ó ní kí wọ́n máa gbé ẹ́ńjìnì wọn bọ̀. Ó ra àgbá irin ńlá kan, ó rọ omi kún un, ó gbé e kalẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. A ó so ẹ́ńjìnì mọ́ etí àgbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú omi, a ó sì tan án. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò dé etí omi rí, á na ọwọ́ sí àgbá yẹn, á ní, "Omi tí mo lè fi igbá gbọ́n tán ni mo fẹ́." Àwa ọmọ iṣẹ́ là ń lọ gbé ẹ́ńjìnì. Kẹ̀kẹ́ máa ń gbé e dé ibi tí ọ̀nà bá dáa dé. Ibi tó kù nínú ẹrẹ̀, èjìká ni. Ibẹ̀ ni ìbàdí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tí n kò mọ̀ pé ó ń ṣírò.

Ọ̀gá Tìjání kì í na ènìyàn. Ì bá sàn kó máa nà wá. Bí ó bá ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, a ó tò yí i ká, a ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹlẹ́wọ̀n. Ojú nìkan ló láṣẹ láti ṣiṣẹ́. A ó fi ojú tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti jáde dé ibi tó wọlé sí, a ó máa fi ẹnu sọ ọ́. Bí a kò bá tíì sọ ọ́ tán, ọwọ́ kò gbọdọ̀ jáde. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo na ìka sí wáyà pupa kan. Ọ̀gá kò bínú. Ó wò mí, ó ní, "Ràfíù, ojú ni mo pè síbí. Ta ló pe ọwọ́?" Ìdí àgbá ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọjá, tí wọ́n ń kí ọwọ́ mi pé káàbọ̀, àlejò tí a kò pè.

Nígbà yẹn kò sí irinṣẹ́ kankan tó jọni lójú. Gílóòbù kékeré kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ ni ọ̀gá fi ń wá iná kiri. Bó bá tàn, iná dé ibẹ̀. Bí kò bá tàn, iná kò dé ibẹ̀. Ìgbà tí a wá ra mítà, tó ń kọ nọ́ńbà jáde, ọ̀gá fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, ó sì tún pẹ́ kó tó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Á fi mítà wò ó tán, á tún yọ gílóòbù rẹ̀ lápò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnì tó kú pátápátá kò le. Ẹni tó kú ti sọ tẹnu rẹ̀. Èyí tó ń kú tó ń jí ló ń sọ oníṣẹ́ di òpùrọ́. Ọ̀gá máa ń pè é ní ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná nílé, tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, á máa rẹ́rìn-ín. A rí ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná ni kọ́ìlì rẹ̀ máa ń dákẹ́. Bí a bá gbé e dé, ó ti tutù, iná rẹ̀ ti padà. A rí èyí tí iyọ̀ omi ti jẹ orí bátìrì rẹ̀ láti abẹ́, tí òkè ń dán bí ojú ìyàwó. Gbogbo ìwọ̀nyí, àgbá máa ń tú wọn fó bí a bá ní sùúrù. A ó tan án, a ó fi í sílẹ̀ kó máa ké títí á fi gbóná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan fi di ti ọ̀gá: "Àgbá kì í purọ́." Ó máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà, ó máa ń sọ ọ́ fún wa. Nígbà tó yá, àwa náà ń sọ ọ́.

Baba Ọmọ́yẹlé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń na omi yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ọkọ̀ fáíbà ló ní. Sitiárìn àti kọ́kọ́rọ́ wà níwájú lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, ìdì wáyà kan sì gba abẹ́ ìjókòó kọjá, ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ń gbé ní òdìkejì ló máa ń gbé sọdá, pẹ̀lú àwọn aláṣọ funfun tó ń lọ gbàdúrà létí omi lọ́hùn-ún. Ìyá Àdúrà, obìnrin tó máa ń ṣáájú àwọn aláṣọ funfun yìí, kì í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó nǹkan. Púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. A gbé e dé Ìkòtún, a fọ̀ ọ́, a dá a padà. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn tuntun bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á máa lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá dé kọ́nà kan, níbi tí àwọn awayanrìn máa ń so ọkọ̀ irin wọn mọ́, ẹ́ńjìnì á kú lójijì. Á sì tún jí. Kì í kú níbòmíràn. Àwọn èrò sọ pé kọ́nà yẹn ní onílé, ẹ̀mí omi kan, onílé náà ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Baba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọkọ̀ rẹ̀.

Ní jẹ́tì yẹn, tọ́ọ̀nù ni ohun gbogbo. Ẹni tó ní tọ́ọ̀nù ló ń kó èrò. Ẹni tí ẹgbẹ́ awakọ̀ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, okùn ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò máa so. Alága ẹgbẹ́ wọn wá sọ fún Baba lójú gbogbo ènìyàn pé bí ẹ́ńjìnì yẹn bá tún kú, kó gbé tọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí omi kò bínú sí.

Èmi ni ọ̀gá rán lọ gbé ẹ́ńjìnì náà. Bí mo ṣe ń yọ ìdì wáyà kúrò lára rẹ̀, Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ràfíù, sọ fún ọ̀gá rẹ pé bí mo bá ti yí sí òsì dópin ló ń kú. Bí mo bá dá a padà, á jí. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí."

Mo ní ó dáa. Mo fi okùn rọ́bà di ìdì wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó má bàa já sómi, bí a ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ẹ́ńjìnì lé èjìká.

Mo jíṣẹ́ náà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo fi jẹ́ ẹ. Mo sín ahọ́n Ìlàjẹ rẹ̀ jẹ, mo ní Baba ní onílé kọ́nà kì í fẹ́ kí wọ́n kọ òsì sí òun. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. A so ẹ́ńjìnì mọ́ àgbá. A fa kọ́kọ́rọ́ tiwa, tó máa ń wà lórí ìṣó, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, a fi tan án. Ó ké láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, kò tilẹ̀ wúkọ́. Ọ̀gá pa á, ó ní, "Àgbá kì í purọ́. Sọ fún Baba pé kó máa ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀." Mo gbé ẹ́ńjìnì padà, mo so ó mọ́ ìdì wáyà, mo sì jẹ́ iṣẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe rán an gan-an. Alága wà nítòsí. Ó gbọ́.

Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyá Àdúrà ló sọ ọ́ fún mi. Omi kún lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kún, àwọn aláṣọ funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n dé kọ́nà, Baba yí sitiárìn sí òsì, ẹ́ńjìnì kú. Omi gbé ọkọ̀ lọ tààrà sí ara ọkọ̀ irin àwọn awayanrìn lápá ọ̀tún. Baba fi sitiárìn sílẹ̀, ó sáré sí ẹ̀gbẹ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti ti irin yẹn sẹ́yìn. Irin kò ṣe é tì. Ọkọ̀ kò fọ́, kò sẹ́ni tó bọ́ sómi. "Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe tìmùtìmù fún wa," báyìí ni Ìyá Àdúrà ṣe wí.

Ẹgbẹ́ gba tọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Baba. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn bá jókòó ni àwọn máa mọ̀ bóyá ó tún máa rí i gbà tàbí kò ní rí i gbà mọ́. Ohun tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa: ẹ́ńjìnì kò ní àrùn, ọwọ́ awakọ̀ ni kí wọ́n wò.

Mo lọ kí i nílé. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ náà títí dé ìgúnpá. Mo dọ̀bálẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Ràfíù, ṣé o sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́?"

Mo ní, "Rárá, Baba."

Ó mi orí. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. N kò mọ èébú tó lè dùn mí tó ìyẹn.

Láti ibẹ̀, Ìkòtún ni mo lọ tààrà. Mo dúró níwájú ọ̀gá, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo tún iṣẹ́ náà jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ọ́ bí Baba ṣe sọ ọ́: òsì, dópin, á kú, dá a padà, á jí. Ọ̀gá yíjú sí kọ́kọ́rọ́ tiwa tó wà lórí ìṣó, ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé, "Wáyà Baba ńkọ́? Níbo ló wà nígbà tí ẹ́ńjìnì wà níbí?"

Mo ní inú ọkọ̀ ni, létí omi.

Ó ní, "A gbé aláìsàn wá, a fi àìsàn sílẹ̀ sílé." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní òun ń bọ̀ ní jẹ́tì.

Ẹ bá mi wo Ọ̀gá Tìjání nínú ọkọ̀, jákẹ́ẹ̀tì ojú omi tó wọ̀ fún un lọ́rùn, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ìjókòó mú bí ìgbà tí ènìyàn di ìwo màlúù mú. Alága bá wa wọ ọkọ̀. Ó ti ní kí àwọn awayanrìn sún ọkọ̀ irin wọn kúrò, ó sì ní kí ọkọ̀ kan máa tẹ̀ lé wa pẹ̀lú okùn. Baba fi ọwọ́ òsì mú sitiárìn. Mo ti ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì sílẹ̀. A dé kọ́nà, a yí, ẹ́ńjìnì kò kú. A tún yí. Kò kú. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́ imú. Ó ní bóyá onílé ti rìnrìn àjò.

Nígbà tí a padà sí jẹ́tì, Ìyá Àdúrà ń dúró dè wá, a sọ fún un pé kò kú. Ó ní, "Àbí ẹ̀yin kò ronú ni? Ẹrù ìdajì kì í jẹ́ kó yí dópin. Ọkọ̀ tí kò rù, báwo ló ṣe máa sọ ibi tó ń dùn ún?" Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé aṣọ funfun rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wo ara wọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Baba wo àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Bí a ṣe ń sún mọ́ kọ́nà, gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ọ̀gá sọ fún mi láìyí orí pé, "Ràfíù, kó ọwọ́ sẹ́yìn." Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ wúwo, omi ń fà á, Baba ní láti yí sitiárìn dópin. Ẹ́ńjìnì náà yí ara rẹ̀. Nígbà náà ni ojú mi rí i. Ìdì wáyà tó wọ inú ẹ́ńjìnì le gan-an bí okùn ọrùn ewúrẹ́ tó fẹ́ já. Wáyà kan nínú rẹ̀ tẹ̀ mọ́ etí irin, iná kékeré kan ta pá, ẹ́ńjìnì kú.

Wáyà kan wà lára ẹ́ńjìnì ojú omi tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa á. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láti pa ẹ́ńjìnì, wáyà yìí ló ń lọ fara kan irin. Èyí tí mo rí yẹn ni. Ara rẹ̀ ti bó. Kò dúró de kọ́kọ́rọ́ mọ́.

"Dá a padà," ọ̀gá wí. Baba dá sitiárìn padà, wáyà dẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì jí. "Tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Ó kú. Ìyá Àdúrà ní, "A dúpẹ́," bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti kúrò lára wáyà náà. Ihò tó gbà wọlé yẹ kó ní rọ́bà tó yí i ká, kí irin má bàa jẹ ẹ́. Kò sí rọ́bà níbẹ̀. Àwa la fi ọ̀bẹ gé e nígbà tí a wá gbé ẹ́ńjìnì lọ fọ púlọ́ọ̀gì, torí pé kò tètè yọ. Ohun tó sì mú kí wáyà náà kúrú ni okùn rọ́bà tí wọ́n fi dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ìgbà púlọ́ọ̀gì yẹn, tí wọ́n tún dì lé e lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹni tó dì í kò rántí tú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ta kókó rẹ̀. Kókó tí a ń ta ní ṣọ́ọ̀bù wa ni. Ọwọ́ mi ló ta á. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí a gbé ẹ́ńjìnì yẹn lọ ṣe ìtọ́jú, ìgbà yẹn là ń dá kún àrùn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ti rí ibi tí mo ń wò. Ó jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà, síbẹ̀ ó tú ọwọ́ kúrò lára ìjókòó, ó dìde dúró nínú ọkọ̀, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Alága, ẹ dá tọ́ọ̀nù Baba padà fún un. Omi kò bínú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Àwa la ṣe é." Ó wá kọjú sí Baba, ó sì tẹrí ba. "Àgbá purọ́ fún mi, Baba, mo sì gbà á gbọ́ jù yín lọ."

Wọ́n dá tọ́ọ̀nù padà fún un kí a tó kúrò ní jẹ́tì. A pààrọ̀ wáyà, a fi rọ́bà tuntun sí ihò náà, a jẹ́ kí ìdì náà dẹ̀ dáadáa. Kò kú ní kọ́nà yẹn mọ́. Síbẹ̀ mo gbọ́ pé àwọn èrò ṣì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá débẹ̀. Ìka ọ̀tún Baba kò padà ká mọ́ títí dòní.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ti ní kí irinṣẹ́ máa lọ bá ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnì má máa wá bá irinṣẹ́. Òun náà ń lọ, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Àgbá di ohun tí a fi ń fọ páàtì. Ká ní a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, èjìká mi kì bá tí ru ẹ́ńjìnì púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bóyá mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn mi ti jẹ tó ti àgbàlagbà. Mo gbà.

Ayé irinṣẹ́ ti yí. Àwọn tó ń ṣe é báyìí ń fi fóònù ka ohun tó ń ṣe àwọn ẹ́ńjìnì tuntun. Ó wù mí. Èmi ì bá rà á. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn kò ju pé kí wọ́n gbé fóònù náà dé inú ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń kú, kí wọ́n sì bi ẹni tó ń wà á pé, "Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kú?" Bó bá fèsì, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sì rán ọmọ iṣẹ́ sí ọ̀gá, kó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Baba ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgandò. Á kó púlọ́ọ̀gì tó ti jó wá, kí n lè mọ irú èyí tí mo máa fún un. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì fún ènìyàn ní nǹkan. Gbogbo ìgbà tó bá na púlọ́ọ̀gì náà sí mi, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, àgbàlagbà bí tirẹ̀, lọ́wọ́ èmi ọmọdé.

"Má bínú, Ràfíù. Òsì ni o."

Mo máa ń dìde lórí àga, bó ti wù kí ẹ̀yìn dùn mí tó, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.